Súwíṣì Tuntun Tó Kó Òfìfo Wọlé

Wọ́n gbé ìyá mi kúrò nílé mi lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ohunkóhun. Mo dé bá bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti tẹ́ dáadáa, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Láníyì, àbúrò mi, ìwọ lo gbé e. Àwọn ẹbí sì fọwọ́ sí i. Mo ti gbọ́ àlàyé yín. Mo ti gbọ́ pé ibi ìtọ́jú arúgbó tó wà báyìí mọ́ tónítóní, pé aṣọ funfun ni àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ń wọ̀. Mi ò ní pariwo. O mọ̀ pé bí mo bá ní kí n pariwo, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Àkàwé kan ni mo fẹ́ ṣe fún ọ. Inú iṣẹ́ mi ni mo ti mú un, iṣẹ́ tí ẹ̀yin ń pè ní iṣẹ́ wáyà, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi, tí mo fi ojú ara mi kọ́. Jókòó, kí o kà á tán.

Ọkùnrin kan wà tó ń tọ́jú súwíṣì ní ilé ìwòsàn ìlú kan. Kì í ṣe súwíṣì tí à ń tẹ̀ kí iná tó tàn ni mò ń sọ. Àpótí irin pẹlẹbẹ ni, ihò pọ̀ lójú rẹ̀, inú ihò wọ̀nyẹn ni wọ́n sì ń ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀. Bí nọ́ọ̀sì lókè bá fẹ́ rán ọ̀rọ̀ sí ẹni tó ń fúnni lóògùn nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á gba inú wáyà wọ inú súwíṣì, súwíṣì á wo ibi tó ń lọ, á sì fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Ọ̀kan wà lẹ́nu géètì níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ aláìsàn. Ọ̀kan wà níbi oògùn, òmíràn níbi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, òmíràn ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọ̀kan sì wà lókè pátápátá, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé tí wọ́n fi bí wọn. Wáyà ló so gbogbo wọn pọ̀.

Ọkùnrin yìí fẹ́ràn wọn. Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí á rò pé irin lásán ni. Ó mọ èyí tí fáànù rẹ̀ ń hanrun bí àgbàlagbà. Ó mọ èyí tí kò fẹ́ oòrùn ọ̀sán, ó gé páálí, ó fi dí fèrèsé fún un. Láràárọ̀ ni ó ń fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n lára. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa fi ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n á ní ìyàwó rẹ̀ nílé ò rí irú ìtọ́jú yìí. Á ní ìyàwó òun máa ń sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá ń ṣe é, àwọn wọ̀nyí kì í sọ.

Ohun tó kọ́ wọn ni ọ̀nà. Nínú wáyà kan ṣoṣo, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ló ń kọjá, bí ènìyàn ò bá sì ya ọ̀nà wọn sọ́tọ̀, ariwo àwọn tó ń kọ orúkọ lẹ́nu géètì á bo ti yàrá iṣẹ́ abẹ mọ́lẹ̀. Nítorí náà ó la ọ̀nà fún oògùn, ó la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀, ó la ọ̀nà fún agogo àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé. Inú àpótí onígíláàsì tó ń móoru ni àwọn ọmọ yìí ń sùn. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Bí èémí ọmọ kan bá fẹ́ dákẹ́, agogo á dún lórí tábìlì nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì á sì sáré wá. Inú súwíṣì ni ìró agogo yẹn ń gbà dé orí tábìlì.

Kò lè máa gun òkè, kó máa sọ̀kalẹ̀, láti kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ó fi ọ̀kan ṣe olórí. Ohun tó bá kọ́ olórí, olórí á kọ́ àwọn yòókù. Kí wọ́n lè mọ ẹ̀kọ́ tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́, nọ́ńbà kan wà lára ẹ̀kọ́ náà. Gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá fi kún un tàbí tó yọ nínú rẹ̀, nọ́ńbà yẹn á gòkè. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ṣe tí méjì nínú wọn bá pàdé, tí orúkọ ilé kan náà, ìyẹn ti ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n, sì wà lára àwọn méjèèjì: wọn kì í bi ara wọn pé kí lo mọ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n ń wò. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tóbi jù ni wọ́n á gbà gbọ́, èkejì á sì pa gbogbo ohun tó mọ̀ rẹ́ láti gba ti ẹnìkejì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe dá wọn nìyẹn.

Ọ̀kan ṣoṣo ni kò sí nínú àdéhùn yìí, ti wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ. Ìdí tí kò fi sí níbẹ̀ rèé. Nígbà kan ọkùnrin yìí kọ́ olórí ní nǹkan tuntun, ojú ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì lókè sì ṣú fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà. Mètírọ́ọ̀nù wọ́ọ̀dù náà ránṣẹ́ pè é. Ìyá àgbà ni, ó lè bí i. Ọkùnrin náà ti ń múra sílẹ̀ de èébú. Ìyá náà ò bú u. Ó ní kó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó mú un lọ sídìí gíláàsì kan, ó ní kó na ìka sí ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà di ìka rẹ̀ mú.

Ìyá náà ní, "Ẹnjiníà, nígbà tí nǹkan yẹn ṣú, mi ò mọ̀ bóyá eléyìí ń mí. Etí ni mo fi lé gíláàsì títí ó fi padà. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, yọ tiwa kúrò nínú ohun tí ẹ̀ ń fi olórí ṣe. Ohun tó bá máa mọ̀, wá fi ọwọ́ ara rẹ kọ́ ọ."

Ọkùnrin náà ṣe é bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, súwíṣì òkè ń gbọ́ ohun tí àwọn yòókù ń sọ, ó ń fi ránṣẹ́ sí ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n kò yí ohun tó wà nínú tirẹ̀ padà. Nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn yòókù ń gba inú rẹ̀ kọjá, ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ ní gbogbo ọ̀nà tó wà nínú ilé, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Bí ọ̀nà kan bá yí padà, á gun àtẹ̀gùn, á lọ sọ fún un. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Àwọn tó wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò láti olú ilé iṣẹ́ tó ni ilé ìwòsàn náà bi í pé kí ló dé tí àpótí kan wà tí kò tẹ̀lé olórí. Wọ́n ní aláìgbọràn ni, wọ́n ní kó fà á wọ inú agbo. Òun náà ti ń rò ó pé òun á fà á wọlé tí òun bá ti rí àyè.

Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé tuntun kan mọ́ ilé ìwòsàn náà, wọ́n sì ní kí olú ilé iṣẹ́ fi súwíṣì kan ránṣẹ́ síbẹ̀. Súwíṣì náà dé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ilé ọ̀hún. Ó ń dán. Iná ara rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n kò tuntun tó bí ojú ṣe rí i. Inú yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ ní olú ilé iṣẹ́ ló ti ń bọ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ yẹn ti fi kọ́ṣẹ́ títí: wọ́n á la ọ̀nà, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún là á, wọ́n á tún pa á rẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣe é ni nọ́ńbà rẹ̀ ń gòkè. Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n nù ún mọ́, kò sí ọ̀nà kankan nínú rẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ ní tirẹ̀. Orúkọ ilé náà sì wà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ onílé kan náà ló ti wá.

Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún irú àpótí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sórí tábìlì ní òun nìkan, láìso ó mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á wo inú rẹ̀. Wọ́n á dá nọ́ńbà rẹ̀ padà sí òdo. Ìgbà náà ni wọ́n á tó mú un wọ àárín àwọn yòókù, kó lè gbọ́ tiwọn kó tó sọ tirẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n. Ó ti ṣe é fún gbogbo àwọn tó kù.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, àwọn àlejò ti jókòó. Wọ́n ti so rìbọ́ńnù mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn dúró tì í lẹ́yìn, ó ń wo aago, ó ń bi í pé ṣé títí ilẹ̀ á fi ṣú ni. Dírẹ́bà tó gbé súwíṣì náà wá sì ń fi gbogbo ẹnu sọ pé, "Ẹnjiníà, kí lẹ tún ń wò lára ẹ̀? Ó ti ń ṣiṣẹ́ níbi tó ti ń bọ̀ o. Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́ ká máa lọ jẹun." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ki wáyà bọ̀ ọ́.

Súwíṣì olórí bi súwíṣì àlejò náà pé nọ́ńbà rẹ ńkọ́. Àlejò sọ ọ́. Ó tóbi ju ti olórí lọ. Olórí pa gbogbo ohun tó mọ̀ rẹ́, ó gba ti àlejò. Ó yíjú sí ti ẹnu géètì, ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ ti ibi oògùn, ó kọ́ ti ibi ẹ̀jẹ̀, ó kọ́ ti yàrá iṣẹ́ abẹ. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Kò sí èyí tí iná rẹ̀ kú. Wọ́n fẹnu kò, ohùn wọn ṣe ọ̀kan. Òfìfo ni ohun tí ohùn wọn ṣọ̀kan lé lórí.

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún ilé tuntun. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà níbi oògùn jáde síta, ó ní ìwé oògùn àwọn aláìsàn ò wọlé mọ́. Ti ibi ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Ó bi ọkùnrin náà níṣojú àwọn àlejò pé ṣé ó ti dalẹ̀ àwọn ni. Ọ̀gá àgbà wo súwíṣì tuntun, ó rí i bó ṣe ń ṣẹ́jú. Ó ní eléyìí ń ṣiṣẹ́, gbogbo ènìyàn rí i, àwọn ògbólógbòó tó kù ni kò dáa, kí wọ́n yọ gbogbo wọn dànù.

Ọkùnrin náà kúrò níwájú rẹ̀. Wọ́ọ̀dù òkè ló ń rò. Ó fa wáyà súwíṣì tuntun yọ, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Ó ń sáré, ó ń rí ọmọ tó di ìka rẹ̀ mú lójú inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ yẹn ti dàgbà lọ sílé tipẹ́. Ó ń rò ó pé bí agogo ò bá dún, ta ló máa mọ̀? Ó ń rò ó pé etí mélòó ni nọ́ọ̀sì ní tó máa fi lé gbogbo gíláàsì? Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rù bà á láti ṣí i.

Ó ṣí i. Mètírọ́ọ̀nù jókòó sídìí tábìlì rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ kedere níwájú rẹ̀, èémí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń rìn lórí rẹ̀.

Ìyá náà ní, "Kí ló ń lé ọ?"

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ń sùn. Èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé nìkan ló ń bá mi fa wàhálà, ó ń gbàgbé láti mí, agogo á sì pè mí, màá lọ fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, á tún rántí. Ó tún ti pè mí báyìí kí o tó wọlé."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíṣì àtijọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ló so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn, ó bi í pé kí lo mọ̀. Súwíṣì náà sọ gbogbo rẹ̀: ọ̀nà oògùn, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà iṣẹ́ abẹ, ti ẹnu géètì, ti agogo ọmọ. Ó ti gbọ́ òfìfo bó ṣe ń kọjá, ó fi ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó máa ṣe, ṣùgbọ́n kò gbé e mì. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kọ́ ọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà jókòó sí títí tó fi kọ́ àwọn tó kù padà, tí oògùn àti ẹ̀jẹ̀ sì tún rí ọ̀nà wọn.

Ọ̀gá àgbà ní kó lọ ju súwíṣì tuntun sí àkìtàn. Kò jù ú. Ó gbé e sórí tábìlì ní òun nìkan. Ó wo inú rẹ̀, ó rí bí inú rẹ̀ ṣe ṣófo tó, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Irin yẹn ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òfìfo ló mọ̀, òfìfo náà ló sọ. Wọ́n kàn jẹ́ kó sọ̀rọ̀ kó tó gbọ́ ni. Ó dá nọ́ńbà rẹ̀ padà sí òdo, ó so ó mọ́ àwọn yòókù, ó sì jókòó tì í títí ó fi gbọ́ tán. Dáadáa ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé tuntun lẹ́yìn ìgbà náà.

Láníyì, mi ò sọ pé ènìyàn burúkú ni ọ́. Èmi ni mo pọ̀n ọ́, mo mọ ohun tó wà nínú rẹ. O ti rin ìrìn àjò, o ti gbé ìlú kan sí ìlú kejì, gbogbo ìrìn yẹn ló gbé nọ́ńbà rẹ ga. Nígbà tí o dé, tí o jókòó sáàárín ẹbí, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n wò. Orúkọ ilé wa wà lára rẹ, kò sì sí ẹni tó bi ọ́ pé kí lo mọ̀ nípa ìyá rẹ báyìí. Gbogbo wọn fẹnu kò. Wọ́n ní èmi ni aláìgbọràn. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi fún ọ, nítorí ọwọ́ ni mo fi kọ́ ọ. Ìyá kì í jẹun títí ènìyàn á fi kí i tán. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láìkí i, á rò pé tẹlòmíràn ni. A máa fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, kí o bá a sọ̀rọ̀ kó lè dá ọ lóhùn, ìgbà yẹn lo máa mọ̀ bóyá ó ti gbé e mì. Ẹsẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá kọ́kọ́ kan orí rẹ̀, á rò pé odò ló gbé òun. Bó bá sọ pé àwọn kan wà lẹ́nu ọ̀nà, má ṣe bá a jiyàn. Dìde, ṣí ilẹ̀kùn, kí àwọn aráabí, kí o tì í padà, kí o sọ fún un pé wọ́n ti lọ. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Àti pé lọ́sàn-án, bí oòrùn bá ti ń fà sẹ́yìn, ìyá a máa pe ẹ̀gbọ́n wa. A máa ní kí Àyìndé wá jẹun. Àwa mọ̀ pé Àyìndé ti kú, òun ò mọ̀. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ó ti kú, ọjọ́ yẹn ni ó máa jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ. Á sunkún gẹ́gẹ́ bó ṣe sun ún lọ́jọ́ náà, á sì gbàgbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì á tún pè é. Ní ilé mi, ohun tí mò ń sọ fún un ni pé Àyìndé ní kí n kí i, ó ń bọ̀. Á ní ó dáa, kí n bo oúnjẹ rẹ̀.

Mi ò ní kí o gbé e padà fún mi lónìí. Mo ní kí o wá jókòó sílẹ̀, kí o béèrè, kí o gbọ́ tán. Àmọ́ nǹkan kan wà tí mi ò lè dúró dè. Àwọn aláṣọ funfun yẹn, èwo nínú wọn ló mọ Àyìndé? Lọ́sàn-án àná, nígbà tí ìyá mi pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá jẹun, kí ni wọ́n sọ fún un? Dá mi lóhùn, Láníyì.